Lẹ́tà Ṣíṣí sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó: Randy Weston Kò Gbàgbé Èkó, Ẹ Má Jẹ́ Kí Èkó Gbàgbé Rẹ̀

Sí Ọlọ́lá jùlọ, Gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó, àti gbogbo ẹ̀yin tí ìjọba fi ṣe alábòójútó àṣà àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé,

   

Tìfẹ́tìfẹ́ àti tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni a fi kọ lẹ́tà yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí a lè sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ mọ́, nítorí àkókò ti ń lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí ọkùnrin kan tó tẹ dùùrù jáàsì fún ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún, tó gbé orin Èkó dé ibi tí Èkó fúnra rẹ̀ kò tíì dé nígbà náà, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó lónìí kò sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Randy Weston ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ kẹfà oṣù Épírì ọdún 1926 ni wọ́n bí i ní Brooklyn, ní ìlú New York. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 2018 ló dágbére fáyé, lẹ́ni ọdún 92. Ọdún 2026 ló pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n bí i.

Ọkùnrin gàgàrà ni Weston. Ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ààbọ̀ lọ. Nígbà tó wà lọ́mọdé, bàbá rẹ̀ ló fi dandan lé e pé kó kọ́ dùùrù. Bàbá yìí, Frank Weston, tí ìran rẹ̀ ti Jàmáíkà àti Pánámà wá, fi àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà kọ́ ara ògiri ilé, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọmọ rẹ̀ létí pé ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kàn bí sí Amẹ́ríkà ni. Ọ̀rọ̀ yìí kò jáde lọ́kàn ọmọ náà títí tó fi di arúgbó. Ó wọṣẹ́ ológun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó dé Okinawa, ó padà wá bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ nílé oúnjẹ wọn ní Brooklyn. Ó ń gbọ́ Duke Ellington àti Count Basie, ó sì lọ jókòó ti Thelonious Monk láti wo bí ó ṣe ń tẹ dùùrù. Ní ọdún 1954 ni ilé iṣẹ́ Riverside gbé àwo àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn orin tí òun fúnra rẹ̀ kọ, bíi Hi-Fly àti Little Niles, fi di ohun tí àwọn olórin jáàsì yòókù ń kọ́ láti tẹ̀.

Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kì í ṣì í mọ̀ mọ́. Ọwọ́ òsì rẹ̀ a máa wá ìsàlẹ̀ pátápátá lórí dùùrù, a máa dún bí ìyá ìlù tó ń pàṣẹ fún omele, ọwọ́ ọ̀tún á sì máa fèsì díẹ̀díẹ̀, kò ní kánjú. Ó máa ń fi àyè sílẹ̀ láàárín ohùn kan àti òmíràn. Ibi tí ẹlòmíràn ti máa da ọgbọ̀n ohùn sílẹ̀, Weston lè fi mẹ́ta péré sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Kí ló wá kan Èkó nínú èyí, Ọlọ́lá jùlọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́.

Ní oṣù Nọ̀fẹ́ńbà ọdún 1960, ìgbà tí òmìnira Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní oṣù kan, Weston kó olórin tó lé ní ogún wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ ní New York. Uhuru Afrika ni orúkọ àwo tí wọ́n ṣe, ìyẹn òmìnira Áfíríkà. Langston Hughes, akéwì ńlá nì, ló kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Melba Liston, obìnrin tí kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ rọ́ iṣẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ló to orin náà fún ẹgbẹ́. Ohùn ènìyàn ló ṣíwájú nínú àwo yìí: ọmọ ilẹ̀ Tanganyika kan, Tuntemeke Sanga, ń ké ewì Hughes ní èdè Swahili. Lára àwọn tó lu ìlù níbẹ̀ ni Max Roach, Candido Camero àti Armando Peraza tí wọ́n wá láti Kúbà, àti Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídó lẹ́bàá Àgbádárìgì. Àgbádárìgì yín náà ni, ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní ọdún 1964, ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà South Africa fòfin de àwo náà. Ìjọba tó ní ọlọ́pàá, tó ní ọmọ ogun, tó ní ẹ̀wọ̀n, ń bẹ̀rù ìlù, fèrè àti ewì.

Ní oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún 1961, Weston gúnlẹ̀ sí Èkó fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà kan tí à ń pè ní AMSAC ló kó wọn wá. Ẹ wo irú àwọn àlejò tí Èkó gbà lọ́sẹ̀ yẹn: Nina Simone, Odetta, Lionel Hampton, Langston Hughes, pẹ̀lú Olatunji tó ń bọ̀ wálé. Pápá ìṣeré King George Karùn-ún ní Oníkàn ni wọ́n ti ṣeré. Pápá yẹn náà ni ìjọba tún kọ́, tí ẹ sì fi orúkọ Mobolaji Johnson, gómìnà àkọ́kọ́ tí Ìpínlẹ̀ Èkó ní, pè. Orúkọ náà tọ́ sí i, a kò bá yín jiyàn lórí ìyẹn.

Weston tún padà wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1963. Ọdún yẹn kan náà ló ṣe àwo tó pè ní Highlife, tí ilé iṣẹ́ Colpix gbé jáde, tí Melba Liston sì tún to orin rẹ̀. Orin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Caban Bamboo Highlife. Àgbàlagbà Èkó kankan kò nílò kí a ṣàlàyé orúkọ yẹn fún òun: ilé fàájì Bobby Benson ni, níbi tí àwọn gbajúmọ̀ ti ń jó di òru. Orin mìíràn nínú àwo náà ni Niger Mambo, tí Bobby Benson fúnra rẹ̀ kọ. Ọmọ Ìkòròdú ni Benson, òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí ẹni tó kọ Taxi Driver, òun náà ló sì tọ́ ọ̀pọ̀ olórin háíláìfù dàgbà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí Niger Mambo. Orin ijó ni. Nígbà tí Weston mú un lọ sí New York, kò bọ́ aṣọ ijó lára rẹ̀ kí ó tó gbé e fún àwọn afọnfèrè jáàsì. Ó jẹ́ kí ó máa jó, ó wá fi ọwọ́ òsì rẹ̀ tó wúwo gbé e ró láti ìsàlẹ̀. Kò sì fi orúkọ ara rẹ̀ rọ́pò ti Benson. Orúkọ ẹni tó ni orin ló kọ sí i, ó sì tún ń ṣe orin náà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe fún Guy Warren ará Gánà, tí orin rẹ̀, Mystery of Love, di orin àmì-ìdánimọ̀ fún Weston. Ní ọdún 1977, nígbà tí gbogbo aláwọ̀ dúdú àgbáyé pé jọ sí Èkó fún FESTAC, Weston tún wà lára àwọn tó wá.

Ọkùnrin tó bẹ Èkó wò ní ìgbà tí Èkó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ara rẹ̀ bí olú-ìlú orílẹ̀-èdè olómìnira, tó sì ń sọ orúkọ wa lórí ìtàgé títí tó fi kú, ṣé àjèjì ni?

Ẹ wá wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ṣe. Ní ọdún 1967, ìjọba Amẹ́ríkà rán Weston àti ẹgbẹ́ rẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè 14 ní Ìwọ̀-oòrùn àti Àríwá Áfíríkà. Nígbà tí ìrìn-àjò náà parí, ó kó lọ sí Mòrókò, ó sì dá ilé orin kan sílẹ̀ ní Tangier tó pè ní African Rhythms. Níbẹ̀ ló ti bá àwọn Gnawa pàdé, àwọn tí wọ́n kó baba ńlá wọn lẹ́rú la aginjù Sàhárà kọjá láti apá tiwa níhìn-ín. Ó jókòó ti àwọn àgbà wọn, ó gbọ́ gimbri wọn, ohun èlò olókùn mẹ́ta tí wọ́n fi awọ bò, tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ikùn. Ní ọdún 1992, ó gba ohùn wọn sílẹ̀ ní Marrakech. Mòrókò kò jẹ́ kí iṣẹ́ yẹn lọ lásán. Láti ọdún 1998 ni ìlú Essaouira ti ń ṣe àjọ̀dún Gnawa lọ́dọọdún. Ní ọdún 2011, Ọba Mohammed Kẹfà bu ọlá fún Weston nítorí ohun tó ṣe fún orin ilẹ̀ náà. Ní ọdún 2019, UNESCO kọ orin Gnawa sínú ìwé àjogúnbá ọmọ aráyé.

Àwọn ará Amẹ́ríkà náà kò sùn. Ní ọdún 2016, Yunifásítì Harvard gba àkójọ iṣẹ́ ayé rẹ̀: ìwé orin, fọ́tò, fíìmù àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ téèpù. Yunifásítì Duke ti tẹ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jáde láti ọdún 2010. Tangier ti ní ilé orin tirẹ̀ rí, Harvard ní ìwé tirẹ̀. Ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ṣùgbọ́n tiwa ti ròde tán, kò sì sẹ́ni tó béèrè rẹ̀ nílé.

Ọlọ́lá jùlọ, ẹ̀dùn ọkàn wa nìyí, a ó kà á lẹ́sẹẹsẹ.

Èkínní: ìtàn yìí kò sí lẹ́nu àwọn ọmọ wa. Ọ̀dọ́ tó ń wọ pápá Oníkàn láti wo bọ́ọ̀lù kò mọ̀ pé Nina Simone kọrin níbẹ̀ rí. Ọmọ Ìkòròdú tó ń kọ́ dùùrù nínú ṣọ́ọ̀ṣì kò mọ̀ pé orin ọmọ ìlú òun wà lára ohun tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà jáàsì tẹ̀ jákèjádò ayé. Ọmọ Àgbádárìgì kò mọ̀ pé ìlù Olatunji wọ etí John Coltrane, afọnfèrè jáàsì nì, débi pé ilé àṣà Olatunji ní Harlem ni Coltrane ti ṣe ọ̀kan nínú àwọn eré tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀, ní oṣù Épírì ọdún 1967.

Èkejì: ohùn ń kú. Ohun tí wọ́n fi ń gba orin sílẹ̀ láyé ọjọ́un, téèpù, kò ju lẹ́búlẹ́bú irin tí wọ́n fi àtè lẹ̀ mọ́ ọ̀já ike tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá ti mú un pẹ́, àtè náà á rọ̀, lẹ́búlẹ́bú irin á máa ṣí kúrò, ọjọ́ tí wọ́n bá sì tún fi sẹ́nu ẹ̀rọ, orin á máa bó sílẹ̀ bí ó ṣe ń kọjá. Ooru àti ọ̀rinrin sì pọ̀ gan-an ní Èkó. Téèpù ọdún 1961 ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Èyí tó wà ní kọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ rédíò, èyí tó wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ olórin tó ti kú, èyí tó wà nínú àpótí ìyá arúgbó tí kò ní ẹ̀rọ láti fi gbọ́ ọ mọ́, gbogbo wọn ló ń jẹra nísinsìnyí bí ẹ ṣe ń ka lẹ́tà yìí.

Ẹ̀kẹta: àwọn ẹlẹ́rìí ń lọ. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tí Weston wá ní 1961 ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí. Bobby Benson ti lọ láti ọdún 1983, Olatunji lọ ní 2003. Tony Allen, onílù Èkó tó fi ẹ̀kọ́ Max Roach kún ọgbọ́n ọwọ́ tirẹ̀ kó tó di òpó Áfúróbíìtì, kú sí Paris ní 2020. Ẹni tó kù lára àwọn tó jó ní Caban Bamboo kò pọ̀ mọ́.

A mọ ohun tí àwọn kan lè sọ fún yín. Wọ́n lè ní AMSAC tó kó àwọn olórin yẹn wá, owó CIA ló ń ná. Òótọ́ ni. Ọdún 1967 ni àṣírí yẹn tú ní Amẹ́ríkà. A kò ní kí ẹ fi pamọ́. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri kí gbogbo èèyàn kà á, nítorí ó jẹ́ ara ìtàn bí àwọn alágbára ayé ṣe ń fa ojú Áfíríkà mọ́ra nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó san owó ọkọ̀ òfuurufú kọ́ ló kọ Niger Mambo, òun kọ́ ló sì mú Weston fẹ́ràn ilẹ̀ yìí títí dọjọ́ ikú rẹ̀. Àwọn mìíràn lè ní kò sí owó, pé ojú ọ̀nà àti omi ẹ̀rọ ló kàn. Ojú ọ̀nà àti omi kàn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìjọba Èkó ti ṣe irú rẹ̀ rí tó sì yẹ ẹ́: ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street àtijọ́ ti di Freedom Park tí orin ń dún nínú rẹ̀, owó ìjọba wà nínú ilé Fela ní Ìkẹjà tó di Kalakuta Museum ní 2012, ilé àṣà John Randle sì ti dúró sí Oníkàn. Ohun tí a ń béèrè kéré sí ìkọ̀ọ̀kan nínú wọn.

Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe nǹkan márùn-ún wọ̀nyí:

1. Ẹ fún ìtàn yìí ní igun kan nínú ilé àṣà John Randle, tí kò jìnnà sí pápá tí Weston ti ṣeré. Kí àlejò lè fi ohun èlò sí etí, kí ó gbọ́ Niger Mambo bí Bobby Benson ṣe ṣe é, kí ó sì gbọ́ ọ bí Weston ṣe ṣe é lẹ́yìn rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ti tó láti fi yé ọmọdé pé Èkó kópa nínú jáàsì ayé.

2. Ẹ kọ̀wé sí Harvard. Ohun tó bá kan Èkó, Nàìjíríà àti FESTAC nínú àkójọ Weston, ẹ tọrọ ẹ̀dà rẹ̀, kí ó wà ní Oníkàn àti lọ́dọ̀ CBAAC, àjọ tó ń tọ́jú ìwé FESTAC níhìn-ín ní Èkó. Kò yẹ kí ọmọ Mushin wá físà Amẹ́ríkà kó tó lè ka ìtàn Èkó.

3. Ẹ rán àwọn ọ̀dọ́ tó gbọ́n, tó ní ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ lọ́wọ́, sí àwọn àgbàlagbà olórin, oníjó àti oníṣẹ́ rédíò tó ṣì wà láyé. Kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀ ní Yorùbá. Ẹ jọ̀ọ́, èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, nítorí òun nìkan ni kò lè dúró de ètò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀.

4. Ẹ ya yàrá kan sọ́tọ̀ tó tutù, tó gbẹ, tí iná rẹ̀ kì í kú, fún téèpù àti àwo àtijọ́. Ẹ fi èèyàn tó mọṣẹ́ síbẹ̀ tí yóò máa gbé ohùn inú wọn sórí kọ̀ǹpútà. Kí ẹ ṣàdéhùn pẹ̀lú ìdílé àwọn olórin pé ohun ìní wọn ṣì jẹ́ tiwọn, pé owó tó bá tinú rẹ̀ jáde yóò dé ọwọ́ wọn.

5. Ẹ wo kàlẹ́ńdà yín. Ọjọ́ kẹfà oṣù Épírì ni wọ́n bí Weston. Ọjọ́ keje ni wọ́n bí Olatunji, ní 1927. Ọjọ́ kọkànlá ni wọ́n bí Bobby Benson, ní 1922. Ọjọ́ mẹ́fà péré ló gba ìbí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ yẹn ṣe ọ̀sẹ̀ orin lọ́dọọdún, kí àwọn ọmọ ilé-ìwé láti Àgbádárìgì, Ìkòròdú àti Èkó wá tẹ dùùrù, kí wọ́n fọn fèrè, kí wọ́n lu ìlù ní Oníkàn.

Ọlọ́lá jùlọ, ẹ jẹ́ ká sọ èyí tó kù láìfi bò. Kò sí ọ̀kan nínú ẹ̀bẹ̀ wọ̀nyí tí a lè pa tì fún ogún ọdún ká tún wá ṣe é. Téèpù tó bá ti jẹra kò ní gbọ́ àlàyé, àgbàlagbà tó bá ti kú kò ní jí wá jẹ́rìí. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí akọ̀tàn yóò béèrè ìgbà ìjọba ta ni ohùn Èkó ti ọdún 1961 parun pátápátá. A kò fẹ́ kí orúkọ tiyín jẹ́ ìdáhùn ìbéèrè yẹn. Agbára wà lọ́wọ́ yín, ilé wà ní Oníkàn, àwọn àgbà díẹ̀ sì ṣì wà tí wọ́n lè sọ ohun tí wọ́n rí.

Ẹ̀yin òǹkàwé náà, ẹ má fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ìjọba. Bí àwo tàbí téèpù bàbá yín bá wà nínú páálí kan nílé, ẹ gbé e kúrò nínú ooru, ẹ kọ orúkọ àti ọdún sára rẹ̀, ẹ má sì tà á fún ẹni tó ń ra páńtí.

A ń retí ìdáhùn yín, Ọlọ́lá jùlọ. Bí ẹ bá pè wá, a ó wá. Bí ẹ bá ní ká kó àwọn àgbà wá pẹ̀lú, a ó kó wọn wá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kẹta nínú àwọn ẹ̀bẹ̀ wa, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lóṣù yìí.

Tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Èkó kan tó fẹ́ràn orin ìlú rẹ̀